Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Sóòrùn

Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ

A. KÍKÀ

Akéde àti àrokò

Ní ayé àtijọ́, àwọn Yorùbá ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Méjì nínú wọn ni a óò yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀nà kìíní ni ìkéde. Bí ọba bá fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, yóò rán akéde. Akéde yóò mú agogo rẹ̀, yóò sì máa lù ú kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ agogo, wọn yóò dákẹ́, wọn yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́, àgbà gbọ́, onílé gbọ́, àlejò náà sì gbọ́. Bí ó jẹ́ ọjọ́ ọdún ni, bí ó jẹ́ ọjọ́ tí a óò tún ọ̀nà odò ṣe ni, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni.

Ọ̀nà kejì ni àrokò. Àrokò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kò fi ẹnu sọ. Ohun kan ni a óò dì, tí a óò sì fi rán ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé a ń gbọ́ 'fà' nínú 'ẹẹ́fà'. Bí owó ẹyọ náà bá jẹ́ mẹ́jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí ó gbé àrokò lọ́wọ́ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ni ó ni ín.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà fún agogo, ọ̀rọ̀ kan sì wà fún àrokò. Wọn kì í pa méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà a sì máa pa á lówe pé, gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá sóòrùn.

Fóònù gba iṣẹ́ àwọn méjèèjì

Lóde òní, fóònù ti gba iṣẹ́ akéde, ó sì ti gba iṣẹ́ àrokò pẹ̀lú. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 2004, wọ́n dá Facebook sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọdún 2009, wọ́n dá WhatsApp náà sílẹ̀. Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìyá tí ó wà ní Ìlọrin lè máa wo ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Ohun rere ni èyí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Nínú fóònù, ojú kan náà ni agogo àti àrokò wà. Ìka kan náà ni a fi ń tẹ àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo ní àárọ̀ lè di ìkéde kí ó tó di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọdún 2019, WhatsApp fi ìdíwọ̀n sí i pé ènìyàn kò lè ta ọ̀rọ̀ kan náà látaré sí ju ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wòye pé ènìyàn kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ènìyàn 5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn tún fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn 5 mìíràn. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ 25. Bí àwọn náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò di 125. Ní ìgbà kẹrin, yóò di 625. Ní ìgbà karùn-ún, yóò di 3,125. Ènìyàn 5 péré ni ẹni àkọ́kọ́ mọ̀. Kò mọ ẹnì kan nínú àwọn 3,125 tí ó gbẹ̀yìn, wọn kò sì mọ òun náà. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ kan lè sọ pé, "Ṣé a kò lè pa á rẹ́ ni?" Lóòótọ́ ni pé láti ọdún 2017, WhatsApp ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti pa á rẹ́. Lóòótọ́ sì ni pé ohun tí a bá fi sí sítátọ́ọ̀sì yóò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kà á ti kà á ná. Ẹni tí ó ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ti tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹni tí ó ti ta á látaré ti gbé e dé ibi tí ọwọ́ wa kò tó mọ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé tí ó di ìkéde

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ọmọkùnrin kan mú fóònù bàbá rẹ̀ bí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Inú rẹ̀ dùn. Ó ya àwòrán ara rẹ̀ àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ ní iwájú ilé, ó sì fi í sí sítátọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀. Ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Gbogbo wa ń lọ sí Òṣogbo fún ọdún. Ó di ọjọ́ kẹrin kí á tó padà!"

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èébú níbẹ̀. Kí ni ó wá burú nínú rẹ̀?

Ta ni yóò rí i? Kì í ṣe àwọn ẹbí nìkan ni nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù bàbá. Nọ́ńbà ẹni tí ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tí ó ra ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ọlọ́kadà tí ó gbé bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ní nọ́ńbà bàbá nínú fóònù tiwọn, wọ́n lè rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ bá wà láàrin wọn, ọmọ yìí ti sọ nǹkan mẹ́ta fún un: ojú ilé wọn nìyí, kò ní í sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ọjọ́ mẹ́rin ni ilé yóò sì fi ṣófo.

Bí wọ́n bá ti Òṣogbo dé kí ó tó fi àwòrán náà síbẹ̀, ìdùnnú rẹ̀ kò ní í dín kù. Ẹ rántí èyí: àwòrán ìrìn-àjò lè dúró de ìgbà tí a bá padà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ ilé-ìwé tí orúkọ ilé-ìwé wà ní àyà rẹ̀. Bákan náà ni ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé, àti ibi tí ẹ máa ń gbà lọ sílé bí ilé-ìwé bá parí. Àwọn fóònù kan tilẹ̀ máa ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán pa mọ́ sínú àwòrán náà. Ní ti nọ́ńbà àṣírí tí ilé-ìfowópamọ́ bá fi ránṣẹ́ sí fóònù òbí yín, ẹ kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé ẹni náà sọ pé òṣìṣẹ́ ilé-ìfowópamọ́ ni òun.

Ìwọ nìkan ni mo sọ fún

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kejì. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan jẹ́ ọ̀rẹ́ ní kíláàsì kẹfà. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sọkún nígbà ìsinmi. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá òun, àti pé nígbà mìíràn, gaàrí nìkan ni àwọn máa ń mu sùn.

Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é púpọ̀. Nígbà tí ó dé ilé, ó mú fóònù ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí kíláàsì wọn. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò níṣẹ́ mọ́. Gaàrí ni wọ́n ń mu sùn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òbí mẹ́ta ti ta ọ̀rọ̀ náà látaré. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì ti sọ ọmọbìnrin náà ní "Ìyá Onígaàrí". Ní ọjọ́ kẹta, kò wá sí ilé-ìwé mọ́.

Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá àgbà rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá Àgbà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ló dé tí o fajú ro?"

"Màmá, mo fẹ́ ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ ni. N kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí."

"Mo mọ̀ pé àánú ni. Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà?"

"Òun ni, mà."

"Ṣé o bi í pé kí o sọ fún àwọn ènìyàn?"

Ọmọ náà dákẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Àrokò ni ó fi lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ sì mú agogo. Bí o bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìyá rẹ ni ìbá yẹ kí o sọ fún ní kọ̀rọ̀. Àgbà mọ bí a ti í gbé oúnjẹ lọ sí ilé ẹni tí ìyà ń jẹ, tí ará ilé kejì kò fi ní í mọ̀."

Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Wọ́n lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bàbá àti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku àwọn ọmọ méjèèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó lójú, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Ó padà sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún jọ ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó tún sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn omi iyọ̀

Ìfẹ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí á mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ ìlú Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ, ìròyìn kan gba orí fóònù kiri pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà mú un. Àwọn ènìyàn ń jí ara wọn lóru láti sọ ọ́. Ìfẹ́ ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í dènà Ebola. Àjọ Ìlera Àgbáyé ròyìn pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kì í ṣe Ebola ni ó pa wọ́n. Ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò wádìí ni ó pa wọ́n.

Ohun tí òfin sọ

Facebook àti Instagram kò gba ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 13 láàyè láti ní ojú-ìwé tirẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá pa irọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó lè wọlé ti rú òfin wọn.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003. Òfin náà sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, ti ìdílé rẹ̀, ti ilé rẹ̀ àti ti ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ènìyàn sọ. Òfin kan náà sọ pé òbí ní ẹ̀tọ́ láti bójú tó ọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Nítorí náà, bí bàbá tàbí ìyá yín bá béèrè ohun tí ẹ ń ṣe lórí fóònù, ẹ má ṣe bínú. Ní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè yìí tún ṣe òfin mìíràn tí ó ń dáàbò bo ìwífún nípa ara ẹni, ó sì mẹ́nu ba ti àwọn ọmọdé.

Ìbéèrè mẹ́rin tí ó yẹ kí á bi ara wa

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tí yóò gbé ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí fídíò lọ, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà? Bí kì í bá ṣe tèmi, ṣé mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín?
2. Ta ni yóò rí i? Ṣé mo lè fún akéde kí ó fi agogo kéde rẹ̀ ní ọjà?
3. Ṣé òtítọ́ ni? Ta ni mo bi?
4. Kí ni yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ṣé yóò ṣe ẹnì kan láǹfààní, àbí yóò dójú ti ẹnì kan?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, tàbí kí ẹ bi òbí tàbí olùkọ́ yín.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹ má ṣe fi pa mọ́. Ẹ tètè sọ fún àgbà. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ bẹ ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ yín nítorí àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má ṣe dá a gbé. Ẹ lọ sọ fún òbí tàbí olùkọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá sì rí i tí wọ́n ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má ṣe bá wọn ta á látaré. Ibi tí agogo bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀.

B. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

akéde: ẹni tí ó ń fi agogo kéde ọ̀rọ̀ fún ará ìlú
àrokò: ohun tí a fi ránṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ láìjẹ́ pé a fi ẹnu sọ ọ́
owó ẹyọ: ohun tí a ń ná bí owó ní ayé àtijọ́
ta látaré: kí á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, kí á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn
pa rẹ́: mú kúrò pátápátá
ní kọ̀rọ̀: ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ènìyàn kò sí
ìwífún: ohun tí a fi ń mọ̀ nípa ènìyàn tàbí nǹkan
halẹ̀ mọ́: dẹ́rù ba ènìyàn

D. ÌBÉÈRÈ

1. Dárúkọ ọ̀nà méjì tí a mẹ́nu bà tí àwọn Yorùbá ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ayé àtijọ́.
2. Kí ni ìtumọ̀ owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́?
3. Ìṣòro wo ni ó wà nínú bí agogo àti àrokò ti wà ní ojú kan náà nínú fóònù?
4. Nǹkan mẹ́ta wo ni ọmọkùnrin tí ó ń lọ sí Òṣogbo sọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́?
5. Ọ̀nà wo ni ìyá àgbà sọ pé ó yẹ kí ọmọbìnrin náà gbà ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́?
6. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ náà kò fi tètè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́?
7. Bí ènìyàn 3,125 bá tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn 5 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mélòó ni yóò gbà á ní ìgbà kẹfà?

E. FI Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ DÍ ÀLÀFO

(akéde, pa á rẹ́, àṣẹ, látaré, òbí)

1. Olú ìlú gbọ́ agogo ______ ní òwúrọ̀.
2. N kò gbọdọ̀ fi àwòrán ọ̀rẹ́ mi síta bí n kò bá gba ______ lọ́wọ́ rẹ̀.
3. Má ṣe ta ìròyìn tí o kò wádìí ______ sí ẹlòmíràn.
4. Òfin fún ______ ní ẹ̀tọ́ láti bójú tó ọmọ rẹ̀.
5. Bí a bá tilẹ̀ ______, ẹni tí ó ti kà á ti kà á ná.

Ẹ. ÒWE

Sọ ìgbà tí a lè pa òwe kọ̀ọ̀kan:

1. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá sóòrùn.
2. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́.
3. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.
4. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

F. IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Fa ìlà sí àárín ojú-ewé kan. Kọ 'Agogo' sí ọwọ́ ọ̀tún, kí o sì kọ 'Àrokò' sí ọwọ́ òsì. Fi àwọn wọ̀nyí sí ibi tí ó yẹ: ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́, àìsàn àbúrò rẹ, ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú eré ìje, nọ́ńbà àṣírí ilé-ìfowópamọ́, ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún ọ níbi tí ó ti ń sọkún. Sọ ìdí tí o fi fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.
2. Bi àgbà kan ní ilé yín nípa àrokò mìíràn tí ó mọ̀. Kọ ìtumọ̀ rẹ̀ wá sí kíláàsì.
3. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀rẹ́ rẹ kan tí ó fẹ́ fi fídíò ìjà àwọn ọmọ kíláàsì síta. Fi sùúrù sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.